Ẹ̀bẹ̀ àti Àbẹ̀tẹ́lẹ̀: Bí Ọlọ́run Ṣe Ń Pa Èrò Dà Nínú Ìwé Mímọ́ Àwọn Hébérù

Ìfáárà

Bí ẹjọ́ bá dé iwájú baálẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, ìbáà ṣe ní apá Akínyẹlé tàbí Làgelú, ìbáà ṣe ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, ọ̀nà méjì ni ẹni tí ó jẹ̀bi lè gbà kí ìdájọ́ tí a ti dá lè yí padà. Ó lè wá ní ọ̀sán gangan, kí ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú gbogbo ènìyàn, kí ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun ká kòkó olókòó, kí ó sì bẹ̀bẹ̀. Ó sì lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní òru, kí ó gbé epo àti owó kalẹ̀ níwájú baálẹ̀ nígbà tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o. Bí baálẹ̀ bá wá dín owó ìtanràn kù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àbájáde ọ̀nà méjèèjì jọra: ìdájọ́ àná ti yí padà. Síbẹ̀, àwọn ará abúlé kò ní fi ojú kan náà wò wọ́n. Nípa ti àkọ́kọ́, wọn yóò ní aláàánú ni baba. Nípa ti èkejì, wọn yóò ní wọ́n ti ra ẹnu baba. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pààlà sí àárín wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ ti ìṣáájú, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sì ni orúkọ ti ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni "bẹ̀" tí ó bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì tí ìwà wọn kò jọra ni wọ́n.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ nínú Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù, ìwé tí àwọn Kristẹni ń pè ní Májẹ̀mú Láéláé. Láti 1853 tí David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS, ti wá fi ìdí kalẹ̀ ní Ìbàdàn ni àwọn ìtàn inú ìwé náà ti ń di ohun tí a ń gbọ́ ní agbègbè náà, títí wọ́n fi dé etí oko. Ìbéèrè kan sì wà tí àwọn ìtàn wọ̀nyí kò jẹ́ kí ònkàwé sùn lé lórí: Ǹjẹ́ Ọlọ́run a máa pa èrò dà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àríyànjiyàn ọ̀mọ̀wé lásán. Àgbẹ̀ tí ó ti gbin àgbàdo, tí òjò sì kọ̀ tí kò rọ̀, a máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Ìyá tí ó jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí a máa bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú. Bí Ọlọ́run kì í bá pa èrò dà rárá, kí ni àdúrà wà fún? Bí ó bá sì ń pa èrò dà, ta ni yóò lè fi ọkàn tán ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn

Ẹni tí ó bá ka Ìwé Mímọ́ náà tìṣọ́ratìṣọ́ra yóò rí i pé ó fún ìbéèrè yìí ní ìdáhùn méjì. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 6:6, ó dun Ọlọ́run pé òun dá ènìyàn. Nínú Ẹ́kísódù 32:14, Ọlọ́run fi ibi tí ó ti pinnu láti ṣe sí àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìwé Jónà 3:10, bákan náà ni ó ṣe fún Nínéfè. Ṣùgbọ́n nínú Númérì 23:19, Báláámù sọ gbangba pé Ọlọ́run kì í ṣe ènìyàn tí yóò fi máa pa èrò dà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dójú ọ̀gbagadè ni orí kẹẹ̀ẹ́dógún nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní. Ní ẹsẹ 11, Ọlọ́run sọ pé ó dun òun pé òun fi Sọ́ọ̀lù jọba. Ní ẹsẹ 29, Sámúẹ́lì sọ fún Sọ́ọ̀lù pé Ọlọ́run kì í pa èrò dà. Ní ẹsẹ 35, òǹkọ̀wé tún padà wá sọ pé ó dun Ọlọ́run pé òun fi Sọ́ọ̀lù jọba. Ọ̀rọ̀-ìṣe Hébérù kan náà, "niham", ni a lò ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò rọrùn láti gbà pé òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbàgbé ohun tí ó kọ ní ẹsẹ mẹ́fà péré sẹ́yìn. Ó dájú pé ó fẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí a sì gbé wọn yẹ̀ wò papọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà lórí ahọ́n Yorùbá

Nígbà tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń tú Ìwé Mímọ́ sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ìṣòro tí ó wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ náà "niham" kó oríṣiríṣi ìtumọ̀ mọ́ra. Ó lè jẹ́ kí nǹkan dun ènìyàn, ó lè jẹ́ kí ènìyàn yí ìpinnu padà, ó sì lè jẹ́ kí a tu ènìyàn nínú. Èwo nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó lè ru gbogbo ẹrù yìí?

Bí a bá ní "kábàámọ̀", àbámọ̀ Yorùbá jẹ́ ti ẹni tí kò mọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà sọ pé gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Báwo ni ẹni tí ó mọ ohun gbogbo yóò ṣe ká àbámọ̀? Bí a bá sì ní "ronúpìwàdà", bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a ó rí "rò", "inú", "pa", "ìwà" àti "dà" nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ronúpìwàdà ti pa ìwà dà. Ṣé ìwà Ọlọ́run ni ó kù díẹ̀ káàtó tí ó fi yẹ kí ó pa á dà? "Kẹ́dùn" súnmọ́ ọn ní apá kan, nítorí pé ó gbé ìrora ọkàn jáde, ṣùgbọ́n kò sọ pé ìpinnu yí padà. "Pa èrò dà" sọ pé ìpinnu yí padà, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ti dun ọkàn tó.

Àyẹ̀wò yìí kò fi hàn pé èdè Yorùbá tálákà. Ohun tí ó fi hàn ni pé èdè Yorùbá ya ohun méjì sọ́tọ̀, èyí tí Hébérù fi ọ̀rọ̀ kan gbé jáde: èrò lè dà, kí ìwà má dà. Baálẹ̀ tí ó dárí ji olè tí ó ronúpìwàdà ti pa èrò dà, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò yí padà. Kódà, nítorí pé ìwà rẹ̀ dúró ṣinṣin ni èrò rẹ̀ ṣe yí padà.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí. Àwọn Hébérù kò gbọdọ̀ yá ère Ọlọ́run wọn, síbẹ̀ wọn kò yéé fi ẹ̀yà ara ènìyàn sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn fún ìbínú, "af", ni wọ́n ń pe imú, nítorí náà ẹni tí kì í tètè bínú ni ẹni tí imú rẹ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ wọn fún àánú, "rahamim", bá "rehem" tan, èyí tí í ṣe ilé-ọmọ inú obìnrin. Ní ti Yorùbá, inú ni a kó gbogbo rẹ̀ sí. Inú ni ó ń bí ènìyàn, inú ni ó ń dùn, inú ni ó sì ń yọ́ tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ní ìyọ́nú. Àwọn Yorùbá tí ó gbọ́ pé inú Ọlọ́run bàjẹ́ tàbí pé inú rẹ̀ yọ́ kò rò ó pé Ọlọ́run ní ìfun. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ ni. Ohun tí kò bá ní inú kì í bínú, kì í sì í yọ́nú. Òkúta nìkan ni ọ̀rọ̀ ọmọlàkejì kì í dùn.

Èrò àwọn ọlọ́gbọ́n

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń fún àwọn ọlọ́gbọ́n ní iṣẹ́ ṣe. Philo, Júù ará Alẹkisáńdíríà ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, kọ odindi ìwé kan láti fi hàn pé Ọlọ́run kì í yí padà, Jẹ́nẹ́sísì orí 6 gan-an ni ó sì gbé yẹ̀ wò níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Maimonides kọ́ni pé èdè ènìyàn ni Ìwé Mímọ́ fi ń sọ̀rọ̀ kí ó lè yé ènìyàn, pé ìbínú tàbí ìkẹ́dùn kò sí nínú Ọlọ́run ní ti gidi. Ní 1962, Abraham Heschel gba ọ̀nà mìíràn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn wòlíì. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run àwọn wòlíì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ènìyàn kàn gbọ̀ngbọ̀n, tí ohun tí ènìyàn ń ṣe sì ń dùn. Ní ọdún 1962 yìí kan náà ni Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbé ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde, nínú èyí tí ó ti fi hàn pé Olódùmarè ni olórí gbogbo ohun tí Yorùbá gbà gbọ́ nípa ẹ̀sìn, kì í ṣe ọlọ́run tí ó jìnnà tí kò sì bìkítà.

Kò yẹ kí a kàn ju ọ̀rọ̀ Philo àti ti Maimonides nù. Ẹ̀rù tí ó bà wọ́n ni ti ọlọ́run tí ó dà bí ọba aláìnílàákàyè, tí ó ń sọ dúdú ní òwúrọ̀ tí ó sì ń sọ funfun ní alẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi gbogbo ìyípadà yẹn sí abẹ́ àkànlò èdè lásán, àwọn ìtàn tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà yóò di ìtàn òfo. Ó sàn kí a wo àwọn ìtàn náà, kí a bèèrè ohun tí ó mú kí èrò Ọlọ́run yí padà nínú èyí tí ó yí padà, àti ohun tí kò jẹ́ kí ó yí padà nínú èyí tí kò yí padà.

Àwọn tí ó bẹ̀bẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Ábúráhámù. Nígbà tí Ọlọ́run sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe sí Sódómù fún un, ó dúró níwájú Ọlọ́run, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà bí ẹni tí ó wà ní ọjà ọrọọrún. Bí olódodo 50 bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ 45 ńkọ́? Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí 40, sí 30, sí 20, títí ó fi dé 10. Ẹni tí ó mọ ọjà ná yóò rí ohun àrà kan nínú ìnájà yìí: Ọlọ́run kò dá iye kankan padà, kò sọ pé owó náà kò pé. Gbogbo iye tí Ábúráhámù dá ni ó gbà. Ábúráhámù ni ó dákẹ́ ní 10. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó má tẹ̀ síwájú mọ́.

Ẹnì kejì ni Mósè. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì yá ère ọmọ màlúù, Ọlọ́run sọ fún Mósè pé kí ó fi òun sílẹ̀ kí òun pa wọ́n run, kí òun sì sọ òun Mósè di orílẹ̀-èdè ńlá. Èrè ni a gbé ka iwájú Mósè yìí. Kò gbà á. Ó rán Ọlọ́run létí ìlérí tí ó ṣe fún àwọn baba wọn, ó sì bèèrè ohun tí àwọn ará Íjíbítì yóò máa sọ. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní èrè fún ẹlẹ́bẹ̀ ni èyí, èrò Ọlọ́run sì yí padà.

Ẹnì kẹta ni Nínéfè, ìlú àwọn ọ̀tá. Ọba dìde kúrò lórí ìtẹ́, ènìyàn àti ẹran gbààwẹ̀, wọ́n sì yípadà kúrò nínú ìwà ipá wọn. Ọlọ́run dá ìlú náà sí. Inú bí Jónà, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí ó mú kí òun sá ní ìbẹ̀rẹ̀: ó ní òun ti mọ̀ pé aláàánú ni Ọlọ́run, pé kì í yára bínú, àti pé ó máa ń pa èrò dà nípa ibi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Jónà kò ka pípa èrò dà sí àṣìṣe tí ó bá Ọlọ́run lójijì. Ó kà á mọ́ ìwà rẹ̀, ní ẹgbẹ́ àánú àti sùúrù. Bí àánú Ọlọ́run ti dúró títí, bẹ́ẹ̀ náà ni yíyí tí ó ń yí padà sí àánú dúró títí.

Àwọn tí ó fẹ́ ra ìdájọ́

Ní báyìí, kí a padà sí àwọn ẹsẹ tí ó sọ pé Ọlọ́run kì í pa èrò dà. Ta ni a ń bá wí níbẹ̀? Nínú Númérì, Bálákì ọba Móábù ni. Ó ti ránṣẹ́ sí Báláámù, ó ti ṣe ìlérí ọlá àti owó fún un, kí ó lè bá a fi Ísírẹ́lì gégùn-ún. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó mú un lọ sí orí òkè mìíràn, ó tún tẹ́ pẹpẹ méje, ó tún rúbọ, bí ẹni pé bí a bá kúrò ní ojú ibi kan, Ọlọ́run yóò sọ̀rọ̀ mìíràn. Bálákì ni a sọ fún pé Ọlọ́run kì í ṣe ènìyàn tí yóò fi máa pa èrò dà.

Nínú ìwé Sámúẹ́lì, Sọ́ọ̀lù ni. A rán an níṣẹ́, ó dá èyí tí ó dára jù nínú ẹran sí. Nígbà tí a bi í, ó ní àwọn ènìyàn dá a sí kí wọ́n lè fi rúbọ sí Ọlọ́run. Sámúẹ́lì dá a lóhùn pé ìgbọràn dára ju ẹbọ lọ. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù sì jẹ́wọ́ níkẹyìn, ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí Sámúẹ́lì bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbà ìlú. Ojú ayé ni ó ń wá. Bálákì mú owó àti ẹbọ wá, Sọ́ọ̀lù mú ẹran ìkógun wá. Bí a bá fi èdè abúlé Ìbàdàn sọ ọ́, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn méjèèjì gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ Sámúẹ́lì àti ti Báláámù kò sọ pé Ọlọ́run kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀ jùlọ wà nínú ìwé Hóséà 11:8-9. Níbẹ̀, Ọlọ́run ń jiyàn pẹ̀lú ara rẹ̀ nípa bí òun yóò ṣe jọ̀wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ìparun. Ọkàn rẹ̀ yí nínú rẹ̀, ìyọ́nú rẹ̀ sì ru sókè, ọ̀rọ̀ tí a sì lò fún ìyọ́nú yìí wá láti orísun kan náà pẹ̀lú "niham". Ó wá pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí ìbínú òun ṣiṣẹ́, nítorí pé Ọlọ́run ni òun, òun kì í ṣe ènìyàn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti pa ara dà! Báláámù àti Sámúẹ́lì sọ pé nítorí Ọlọ́run kì í ṣe ènìyàn ni kì í fi í pa èrò dà. Hóséà sọ pé nítorí Ọlọ́run kì í ṣe ènìyàn gan-an ni ó fi pa èrò dà. Ènìyàn ni owó ń yí lọ́kàn padà, ènìyàn náà ni ẹ̀bẹ̀ kì í sì í wọ̀ létí nígbà tí inú bá ń bí i. Ní ọ̀nà méjèèjì, Ọlọ́run yàtọ̀.

Ohun tí ó ṣì le

Kò yẹ kí a pa èyí tí ó le mọ́. "Niham" ti Jẹ́nẹ́sísì 6 kò yọrí sí àánú, ìkún omi ni ó tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ó yẹ kí a ka ìtàn náà dé òpin. Ìdí tí a fún wa fún ìkún omi ni pé èrò ọkàn ènìyàn kún fún ibi. Lẹ́yìn ìkún omi, ní orí 8:21, Ọlọ́run ṣèlérí pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò ọkàn ènìyàn kún fún ibi láti ìgbà èwe rẹ̀. Omi kò fọ ọkàn ènìyàn mọ́. Ìpinnu Ọlọ́run nípa ènìyàn ni ó yí padà.

Ìtàn Sọ́ọ̀lù le ju èyí lọ. Iṣẹ́ tí a rán an ni pé kí ó pa àwọn ará Ámálékì, àti obìnrin àti ọmọ ọwọ́. Kò sí àlàyé èdè tí ó lè mú kí èyí dùn létí, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fò ó. Bákan náà, Sámúẹ́lì ké pe Ọlọ́run ní gbogbo òru nítorí Sọ́ọ̀lù, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. A sì sọ fún Jeremáyà pé kí ó má bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí a lè fi agbára gbà. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ ni ó gbọdọ̀ gbà, orúkọ mìíràn fún àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò jẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn, tí àwọn ará Àkànrán àti abúlé ìtòsí rẹ̀ wà ní iwájú wọn, dìde nítorí owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Agbẹ́kọ̀yà ni wọ́n. Wọ́n ti sọ ẹdùn ọkàn wọn kí ìjà tó le, ṣùgbọ́n etí ìjọba di sí i. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà, kí ìjọba tó dín owó orí kù. Ìjọba yẹn pa èrò dà, ṣùgbọ́n ìbọn ni ó gbọ́, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn aláṣẹ mìíràn wà tí owó nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ní ti aláṣẹ inú ìwé Hébérù, igbe àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ ní Íjíbítì mú un sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí wọn kò ní ìbọn, tí wọn kò sì ní owó.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń múra ìdánwò kò gbọdọ̀ fa ẹsẹ kan yọ kí ó sì sọ pé ó tán. Ó yẹ kí ó bèèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó mú wá ní ọwọ́. Yorùbá sọ pé ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òdodo ni fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láìronú. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kan náà ni ó sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Kò sí ẹni tí ó rí òbí tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ pé kò dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń wo ojú ọ̀run ní oko rẹ̀ ní Lálúpọn tàbí ní Mọ́níyà kò ní ìdánilójú pé òjò yóò rọ̀ ní ọ̀la nítorí pé ó gbàdúrà. Ohun tí àwọn ìtàn wọ̀nyí sọ fún un ni pé ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ní etí, ó ní inú, a kò sì lè fi owó ẹlòmíràn tì í kúrò níwájú rẹ̀.